Ọwọ́ Ọ̀tún Mi àti Ẹ̀rọ Tí Mo Ń Sá Fún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá ibì kan jókòó sí, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tójú mi rí láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo ti gbìyànjú láti gbé e mì, kò gbé mì. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́, mi ò ní bù mọ́ ọn.

Báǹkì ló ti bẹ̀rẹ̀. Àbí kí n sọ pé báǹkì ni ojú mi ti là.

Mo lọ gba owó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní báǹkì tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo ti kó wá sí Sùúrùlérè. Mo kọ ìwé, mo sáìn, mo tì í sábẹ́ gíláàsì. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà wo ìwé náà, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sáìn." Mo tún un sáìn. Ó ní kí n fara balẹ̀, kí n ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ta ni kò mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ? Tísà ni mí o! Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkọ! Ìgbà tí mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, èmi fúnra mi wò ó dáadáa. Orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó wá ń kéré, ó ń kéré sí i, ìparí rẹ̀ wá dà bí ìgbà tí èèrà bá tò wọnú ihò lọ.

Wọ́n ní kí n tẹ ìka. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gba owó mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín pé ogbó ti ń dé. Obìnrin tó tò sẹ́yìn mi náà bá mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọmọbìnrin káńtà yẹn ṣì ń wo ọwọ́ mi.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn fún yín. Fúnmiláyọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí. Ọkọ mi ti di olóògbé, èmi àti Tólú, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, la jọ ń gbé. Mẹ́ta ni àwa ọmọ bàbá wa. Àǹtí Rẹ̀mí ni àkọ́bí, àwọn ló ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Mushin níbi tí wọ́n bí gbogbo wa sí. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn. Dàpọ̀ ni àbíkẹ́yìn, òun wà ní Ìbàdàn.

Ó dáa. Lẹ́yìn ọjọ́ báǹkì yẹn ni mo wá ń ronú sí àwọn nǹkan tí mo ti ń fojú fò.

Prámárì Fọ́ọ̀ ni mò ń kọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń pariwo pé, "Àǹtí, a ò rí ohun tí ẹ kọ sí bọ́ọ̀dù!" Èmi a sì bú wọn pé fóònù tí wọ́n ń tẹ̀ nílé ló ba ojú wọn jẹ́. Ṣé ojú wọn ni? Ọwọ́ mi ni!

Àtàǹpàkò mi ọ̀tún àti ìka tó tẹ̀ lé e, tí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á máa yí lu ara wọn. Wọ́n á máa yí ṣáá. Ìyá Sùlíà, aládùúgbò wa, bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Tólú, ẹ ti di Mùsùlùmí ni? Tẹ̀sùbáà yín dà?" A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ní báyìí tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, inú mi kì í dùn.

Ti ẹ̀wà tún wà níbẹ̀. Mo gbé ẹ̀wà kaná, mo jókòó sí pálọ̀, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Láti géètì ni Tólú ti ń ké bọ̀ pé, "Mọ́mì, kí ló ń jóná?" Mo ní, kí ló ń jóná níbo? Ó sáré wọ kíṣíìnì. Ìkòkò ti dúdú! Ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàárín èmi àti ìkòkò yẹn, mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Tólú dúró lójú ọ̀nà kíṣíìnì pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́, ó ń wò mí. Ó béèrè pé láti ìgbà wo ni imú mi ò ti gbóòórùn mọ́. Mo ní ọ̀fìnkìn ni. Ó ní ọ̀fìnkìn ọdún kan?

Òun ló fà mí lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà tó dá wa lóhùn kéré lọ́jọ́ orí. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kí n máa fi ìka méjì lu ara wọn kíákíá. Ọwọ́ òsì ṣe é. Ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó wá ń falẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ bí àgbàlagbà tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ó ní kí n rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn kí n padà. Ó bi Tólú bóyá mo máa ń pariwo tàbí ta ẹsẹ̀ lójú oorun. Tólú dorí kodò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó ọdún mélòó kan, òun rò pé àlá Dádì òun ni mò ń lá ni.

Ẹ wò ó, ọmọ mi ń gbọ́ igbe mi láti ọdún mélòó kan, kò sì bi mí rí!

Dókítà wá béèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé wa ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní ọwọ́ bàbá mi máa ń gbọ̀n lóòótọ́, àmọ́ ogbó ni, àti iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé. Ó dáwọ́ ìwé kíkọ dúró, ó wò mí, ó tún padà sí ìwé rẹ̀.

Ó ní àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Parkinson. Ó ní àwọn nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ kí ara wa máa gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, pé nínú àìsàn yìí, àwọn yẹn ló máa ń kú díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ò tíì sọ pé àìsàn náà ló ń ṣe mí o, òun fura ni. Ó fẹ́ kí n lọ ṣe síkáànù ọpọlọ. Ó ṣàlàyé ohun tí síkáànù náà lè sọ àti ohun tí kò lè sọ. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, etí mi ti di láti ibi tó ti ní àwọn nǹkan kan ń kú nínú orí. Ó fún mi ní ìwé. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní fipá mú mi, kí n lọ rò ó.

Mo lọ rò ó. Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni, nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Mushin. Àǹtí Rẹ̀mí ń ṣa bọ́tìnnì funfun kúrò lára àwọn tó ti pọ́n. Mo sọ ohun tí dókítà sọ. Nígbà tí mo dárúkọ síkáànù, wọ́n gbé ike bọ́tìnnì sílẹ̀.

Wọ́n ní, "O ò ní lọ."

Mo ní kí ló dé? Ṣé wọ́n ń pa èèyàn níbẹ̀ ni?

"Fúnmi, mo ní o ò ní lọ! Bàbá wọ inú ẹ̀rọ yẹn. Ẹni tó wọlé kọ́ ló jáde."

Mo kọ́kọ́ rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Bàbá wo? Bàbá tiwa? Wọ́n gbé bàbá wa lọ ṣe síkáànù, mi ò mọ̀?

Ìgbà yẹn, Jos ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, Dàpọ̀ sì wà ní yunifásítì. Ohun tí wọ́n sọ fún àwa méjèèjì ni pé ogbó ni, pé àwọn tí Bàbá ń bá du ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ló sì fọwọ́ kún un. A gba ààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn! Ọjọ́ mẹ́tàlélógún! Àǹtí Rẹ̀mí gan-an ló ń pe àdúrà fún wa lórí fóònù, a ń ké pé kí iná jó wọn!

Àwọn náà ló wá ń sọ ọ́ báyìí, tí wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní àwọn ló mú Bàbá lọ. Dókítà dárúkọ àìsàn náà létí Bàbá. Bàbá dìde, wọ́n wọ bàtà wọn, wọn ò sọ̀rọ̀ kankan títí tí àwọn fi délé. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jáde sí ojúde mọ́. Àǹtí Rẹ̀mí ní, "Ẹsẹ̀ wọn ò tíì kọ̀ nígbà yẹn o. Àwọn fúnra wọn ló kọ̀. Wọ́n kọjú sí ògiri. Láàárín ọdún kan, mo sin wọ́n."

Bàbá ló ní kí Àǹtí Rẹ̀mí búra pé wọn ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ní tí aráyé bá gbọ́ pé àìsàn ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ta ni yóò fi ọmọ fún Dàpọ̀? Ta ni yóò fẹ́ àwọn ọmọ tí a bá bí?

Mo ní, "Àǹtí Rẹ̀mí, ẹ ti wá mọ̀ láti ìgbà yẹn?"

Wọ́n tún mú bọ́tìnnì kan, wọ́n ń yí i nínú àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Mo máa ń wo ọwọ́ yín," wọ́n wí. "Tí a bá jọ ń jẹun. Tí ẹ bá ń de okùn bàtà. Ọwọ́ yín ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú yín, ìwọ àti Dàpọ̀. Tìẹ, ọjọ́ Kérésìmesì tó kọjá ni mo rí i, nígbà tí o ń gbé àwo ráìsì bọ̀. Mo wọ yàrá lọ sunkún. O bi mí pé kí ló ṣe ojú mi, mo ní àlùbọ́sà ni."

Oòrùn ń ràn lóde, àwọn èèyàn ń ná ọjà lẹ́nu ọ̀nà, èmi wà níbẹ̀ tí òtútù ń mú mi. Ó ti tó oṣù mélòó tí ẹ̀gbọ́n mi ti mọ ohun tó wà lára mi kí èmi tó mọ̀? Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń bi mí pé "ṣé àlàáfíà ni", kí ni wọ́n ń bi mí gan-an?

Mo dìde. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àbúrò sọ sí ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo jáde, n kò sì pè wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìwé síkáànù wà nínú báàgì mi ní gbogbo àsìkò yẹn. Tólú bẹ̀ mí. Ó ní, "Mọ́mì, tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn tó ṣeé wò ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ tó dì, kókó, a ò mọ̀! Ṣé ká jókòó kó máa jẹ yín lọ ni?" Mo ní, tó bá wá jẹ́ òun gan-an ńkọ́?

Ẹ bá mi dá a rò. Tí mo bá lọ, tí wọ́n ní òun ni, ṣé kì í ṣe pé mo ti fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ gba ìdájọ́? Ṣé èmi náà ò ní kọjú sí ògiri? Tí mi ò bá sì lọ, ìka yìí ò ní yé yí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pamọ́. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń jókòó lé e lórí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń fi Bíbélì tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan. Mò ń fi ẹ̀yà ara mi pamọ́ bí ẹni jí nǹkan ẹlẹ́ni!

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló yanjú ọ̀rọ̀ náà fún mi.

Ìṣirò ni a ń ṣe. Mo kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n ronú sí i. Èmi náà dúró, mò ń wo ohun tí mo kọ. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ọmọ mi kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo yíjú padà.

Ọmọ méjìlélógún! Gbogbo wọn gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí tábìlì, wọ́n ń fi àtàǹpàkò yí ìka tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú wọn. Wọ́n fojú sí bọ́ọ̀dù, wọ́n ń yí i, wọ́n ń yí i.

Mo béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe yẹn. Ọmọbìnrin kan tó ń jókòó níwájú, Mọ́ríàmù, ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Àǹtí, bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ẹ bá ń ronú. Àwa náà fẹ́ mọ ìdáhùn ni."

Mo bẹ tísà kíláàsì kejì kó bá mi wò wọ́n. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo pe Tólú. Mo ní kó wá ọjọ́ kan. Mo ní màá lọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni a lọ. Yábàá ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe é wà, kò jìnnà sí Sábó. Nígbà tí a débẹ̀, ta ni mo rí lẹ́nu géètì? Àǹtí Rẹ̀mí! Wọ́n wé gèlè dúdú, wọ́n gbá báàgì mọ́ àyà. Tólú ti pè wọ́n láìsọ fún mi. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ní kí wọ́n wọlé wá jókòó. Wọ́n ní rárá, ibi tí àwọn dúró dé nìyẹn. Wọ́n dúró sínú oòrùn.

Wọ́n ní kí n bọ́ yẹtí, òrùka, gbogbo ohun tó jẹ́ irin. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ṣèèyàn, ó ń pè mí ní Màmá. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun ń fẹ́ ni pé kí n má mira. Mo na ọwọ́ sí i kó rí i. Ó wò ó, ó wá fi bẹ́líìtì jẹ̀lẹ́ńkẹ́ dè é mọ́ mi lára. Ó fi nǹkan bo etí mi, ó fi nǹkan kan há mi lórí, ó tì mí wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ inú rẹ̀ rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Àjà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn yín nímú. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí àwọn káfíńtà mẹ́wàá bá ń lu páànù lórí ilé yín, wọ́n á dákẹ́, ẹ á rò pé wọ́n ti lọ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ gbàdúrà, mi ò rántí ọ̀kankan. Bàbá mi ni mò ń rò. Pé báyìí ni wọ́n ṣe sùn. Pé èmi àti Dàpọ̀ tí wọ́n rán nílé ìwé ò mọ̀ pé wọ́n sùn báyìí.

Nígbà tí mo jáde, aṣọ mi ti rin fún òógùn. Àǹtí Rẹ̀mí ò tíì kúrò lójú kan náà. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá èmi náà ni mo jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, Tólú lọ gba èsì. Ìta ibẹ̀ ló ti kà á, tó sì pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún. Mo di ògiri mú. Ó ní, "Mọ́mì, wọn ò rí nǹkan kan! Kò sí kókó, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dì, kò sí omi tó kún inú orí! Wọ́n ní ọpọlọ yín dáa!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ké! Mo bọ́ sórí eékún ní pálọ̀. Mo pe Àǹtí Rẹ̀mí, ọ̀rẹ́ wa sì padà bọ̀ sípò lórí ìpè kan yẹn. Nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ni wọ́n ti ń jó, mò ń gbọ́ ariwo àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i! Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa! Dókítà Bàbá ló purọ́!" Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo jáde síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí. Gbogbo ìjọ ń pariwo halelúyà. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè kí wọ́n rí i. Ó ń gbọ̀n, mo rò pé ayọ̀ ni.

Ọjọ́ kejì, èmi àti Tólú lọ bá dókítà.

Ẹ̀rín ni mo bá wọlé. Dókítà wo fíìmù síkáànù náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ó dáa, pé inú òun dùn gan-an pé kò sí àwọn nǹkan burúkú yẹn níbẹ̀. Ó wá yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ rántí àlàyé tí mo ṣe nípa síkáànù yìí lọ́jọ́sí?"

Mo ní mi ò rántí. Mo wo Tólú. Tólú ń wo ilẹ̀.

Dókítà tún un ṣàlàyé, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní àìsàn tí òun fura sí kì í sábà hàn nínú irú síkáànù tí a ṣe yìí. Àwọn nǹkan mìíràn tó lè dà bí i rẹ̀ ló máa ń hàn. Nítorí náà ni òun ṣe ní ká ṣe é, ká lè yọ àwọn yẹn kúrò. "A ti yọ wọ́n kúrò báyìí, mà," ó wí.

Ó ku kí ni? Ẹ sọ ọ́ fún mi. Tí ẹ bá yọ gbogbo àwọn yẹn kúrò, ó ku kí ni?

Ó ní òun máa fún mi ní oògùn kan, kí n lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí oògùn náà bá tú ọwọ́ mi sílẹ̀ dáadáa, ìyẹn á túbọ̀ fi ìdí ohun tí òun fura sí múlẹ̀. Tí kò bá tú u sílẹ̀, a ó tún wá ibòmíràn wò.

Irú àdúrà wo lẹ fẹ́ kí n gbà sí ìyẹn? Kí oògùn má ṣiṣẹ́? Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé èèyàn gbé oògùn mì, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má ṣiṣẹ́?

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé, mo bi Tólú. "O gbọ́ àlàyé yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. O mọ̀ pé 'wọn ò rí nǹkan kan' kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan."

Ó ní, "Mo mọ̀, Mọ́mì."

"O sì jẹ́ kí n lọ jẹ́rìí?"

Ó ní, "Ayọ̀ yín pọ̀. Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ yín."

Mo wo ojú ọmọ mi. Mi ò lè bínú sí i. Àmọ́ ẹ̀rù bà mí ju ti inú ẹ̀rọ lọ. Bàbá fi pamọ́ fún wa, Àǹtí Rẹ̀mí gbà á lọ́wọ́ Bàbá, ọmọ tí mo bí náà ti ń kọ́ ọ. Ta ni yóò kù tó máa sọ òótọ́ nílé wa?

Mo lo oògùn náà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èébì lásán. Ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò rí ìyàtọ̀, mo sì ń yọ̀ lábẹ́lẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ kẹta, Àǹtí Rẹ̀mí wá kí wa, wọ́n ra ọsàn dání. Mo mú ọ̀bẹ, a ń sọ̀rọ̀, mò ń bó ọsàn. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ wọn ni a ń sọ, ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ṣe díẹ̀, mo rí i pé èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀.

Mo wolẹ̀. Èèpo ọsàn gùn láti ọwọ́ mi dé orí eékún, kò já níbì kankan. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí mo ṣe máa ń bó o nígbà tí mo wà lọ́mọge.

Àǹtí Rẹ̀mí ò wo ojú mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò.

Wọ́n ní, "Oògùn yẹn ti ṣiṣẹ́."

Mo ní, "Ó ti ṣiṣẹ́, mà."

Wọ́n fi etí gèlè bo ojú. Tólú jáde láti yàrá, ó wá dúró tì wá. Mo gbé ọsàn náà sílẹ̀. Mo ní a máa pe Dàpọ̀. Àǹtí Rẹ̀mí ní kí n fi ọmọ náà sílẹ̀, kí n má kó ẹrù lé e lórí, pé ó ní ọmọ mẹ́ta tó ń tọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Ó tó."

Mo gbé fóònù sí sípíkà kí gbogbo wa jọ gbọ́. Mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀: ti Bàbá, ti báǹkì, ti síkáànù, ti oògùn. Mo sọ fún un pé dókítà ní ti ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wá látọ̀dọ̀ òbí, kó má jẹ́ kí ẹ̀rù bà á. Mo sọ pé ọwọ́ mi ti rọ̀, pé mi ò ní kọjú sí ògiri kankan, pé màá wà ní kíláàsì mi lọ́jọ́ Ajé.

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Mo ní, "Dàpọ̀, ṣé o wà níbẹ̀?"

Ó ní òun wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lára yín?"

Mo ní ọ̀tún ni. Mo ní, kí ló dé?

Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó ní òun kàn béèrè ni.

Kò sí ẹni tó jẹ ọsàn yẹn nínú wa.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un dání. Tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣe síkáànù, ẹ má sá, ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà dáadáa pé kí ni ẹ̀rọ yìí lè sọ, kí ni kò lè sọ. Tí etí yín bá di bíi tèmi, ẹ ní kó tún un sọ, tàbí kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ tún lọ bá àwọn àgbà ilé yín nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí ẹ béèrè ohun tó pa àwọn tó ti lọ, ohun tó pa wọ́n gan-an. Ẹ má gba "ogbó ni." Àìsàn yìí ò mọ ìtìjú, àwa là ń bá a tijú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti wọ inú ẹ̀rọ yẹn rí láàárín yín? Ta ni wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún nílé? Tàbí ẹ̀yin gan-an lẹ fi pamọ́ fún ẹlòmíràn, ẹ̀rù sì ń bà yín láti sọ ọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi. Mò ń ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń fẹ́ gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Dàpọ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní òun kàn fẹ́ wá kí wa ni.